Oore Tí Ó Wà Nínú Àká Kò Tíì Di Oore

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, nígbà tí ariwo ìbọn Lẹkki kò tíì kúrò létí ará ìlú, èrò ya bo ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Òfin kónílé-ó-gbélé ṣì wà lójú iṣẹ́ jákèjádò ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ya gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́nu: àpò ìrẹsì, gàrí, ṣúgà, iyọ̀ àti páálí núdù tí a tò jọ dé òkè àjà. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ orúkọ CACOVID sí, ìyẹn àjọṣe àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n dáwó jọ láti ran ará ìlú lọ́wọ́ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà. Ìròyìn náà kò tíì tutù tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní Ìlọrin.

Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ńṣe ni ìjọba Èkó ń tún ẹrù náà dì kí ó lè bá ètò ìrànwọ́ tirẹ̀ mu, àti pé ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹrù tí a ṣèlérí ni kò tíì pé. Ó ṣeé ṣe kí àlàyé náà jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kíkó ẹrù ẹlẹ́rù náà kò sì lè di ohun tí ó tọ́ nítorí ebi. Síbẹ̀, òkodoro ọ̀rọ̀ kan wà tí àlàyé kò lè bò mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó dá owó ti dá a, àwọn tí ó ra oúnjẹ ti rà á, oúnjẹ sì ti wọ àdúgbò. Àwọn tí a tìtorí wọn ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò tíì fi kankan sẹ́nu. Láàárín olùfúnni àti ẹni tí ebi ń pa, àgádágodo ni ó wà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi Mazamaza bú àwọn aláṣẹ, èébú náà kò sì ṣì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti aláṣẹ nìkan. Ó kan ọ̀dọ́ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ó ń gbé ní Festac tàbí ní Satellite Town, tí ó ń wọ dánfó láti Mile 2 lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọjá lára alágbe lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Mile 2. Ó ń rí àwòrán aláìsàn pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì lórí WhatsApp. Ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Bí Ọlọ́run bá bá mi ṣe é, tí mo jáde ilé ìwé, tí mo ríṣẹ́, n ó máa ran irú àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́.” Èrò rere ni, kò sì sí ẹni tí ó lè fi í bú u. Àmọ́ ilé ìkẹ́rùsí ni òun náà: oore kún inú rẹ̀ bámúbámú, ilẹ̀kùn sì wà ní títì títí di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró di ọjọ́ ọrọ̀ kí ó tó kọ́ bí a ti ń fúnni. Díẹ̀ ni kí ó fúnni, kí ó mọ iye rẹ̀, kí ó rí i dájú pé ó dé ọwọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀, kí ó má sì tìtorí àtifúnni ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ tàbí kí ó ta ìwà rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ará Festac ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé orí ìpín àti oríire ni ìlú náà dúró lé. Owó epo rọ̀bì ni ìjọba ológun fi kọ́ ọ láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, sí ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1977. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ni ó wá láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50. Nígbà tí àjọ̀dún parí, ìbò ni wọ́n fi pín àwọn ilé náà: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ni ó ni ilé. Ìlànà ìbò náà là á kalẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti ní ilé tirẹ̀ ní Èkó kò gbọ́dọ̀ kópa, kí ẹni tí kò ní náà lè ní. Ṣùgbọ́n àwọn olówó kan dá ọgbọ́n sí i. Wọ́n fi orúkọ awakọ̀ wọn àti ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn kópa nínú ìbò, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ gba ilé tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò ní.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé oríire kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ jáde nínú ìbò ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí ó ń kàwé lónìí nínú yàrá tirẹ̀ ní òpópónà tí ó ní nọ́ńbà, kò ṣe làálàá kankan kí ó tó bá yàrá náà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń gbé létí omi ní Kirikiri, tàbí tí ó ń ta omi inú ọ̀rá láàárín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Badagry, kò ya ọ̀lẹ jù ú lọ. Ìbò ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ orí ṣeré. Ẹni tí orí bá gbè kò gbọ́dọ̀ fi ojú ọ̀lẹ wo ẹni tí orí kò tíì gbè. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ẹ̀bùn a máa ṣìnà. Ní ọdún 1977 ó yà sọ́wọ́ olówó. Ní ọdún 2020 ó há sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fúnni ní láti tẹ̀lé ẹ̀bùn rẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn lé lórí. Ní ọdún 1972, Peter Singer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí ó jẹ́ ọmọ Australia, kọ àròkọ kan nítorí ìyà tí ó ń jẹ àwọn ènìyàn Bangladesh. Ó ní bí ènìyàn bá ń kọjá lẹ́bàá adágún omi, tí ó rí ọmọdé tí ó ń rì, kò ní tìtorí pé ẹrẹ̀ yóò ba aṣọ òun jẹ́ fi í sílẹ̀. Ó wá béèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọmọ yẹn àti ọmọ tí ebi ń pa kú ní ìlú jíjìn. Ní ọdún 2009, Toby Ord àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Giving What We Can sílẹ̀ ní Oxford. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìdámẹ́wàá owó tí ń wọlé fún wọn, ó kéré tán, yóò máa lọ fún iṣẹ́ àánú tí ó ń so èso.

Ìdámẹ́wàá kì í ṣe ohun àjèjì fún onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Sàká, tí í ṣe ẹyọ kan nínú ogójì, kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Oxford ni ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́: kí ni ó ṣe? Ọmọ mélòó ni ó gbà là? Ìbéèrè yìí ni ẹnikẹ́ni kò bèèrè ní Mazamaza kí èrò tó já ilẹ̀kùn. Nàìjíríà gan-an sì wà lára ibi tí irú àwọn olùfúnni bẹ́ẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí. Àjọ New Incentives ń fún àwọn ìyá ní àríwá orílẹ̀-èdè yìí ní owó díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wọn wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn àjèjì tí kò lè pe orúkọ abúlé náà dáadáa ni wọ́n ń dá owó ọ̀hún. Ó yẹ kí èyí mú ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ní ìlú tí a fi owó epo kọ́ ronú jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ Festac kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Nínú àpẹẹrẹ Singer, ọmọ tí ìyà ń jẹ jìnnà, ẹni tí ó ń kàwé sì yó. Níhìn-ín, ó lè jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ni ọmọ tí ó ń rì. Ọ̀pọ̀ akọ́bí ni ó ń yọ nínú owó oúnjẹ ilé ìwé láti fi ra ìwé fún àbúrò, láti fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá. Ṣé oore ni èyí tàbí gbèsè? Ìsìn méjèèjì fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹbí tí ó ṣaláìní ni ó kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí àánú ẹni. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ra oògùn fún ìyá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún ni kí ó má pe ohun gbogbo tí ẹbí bá bèèrè ní àánú. Owó oògùn àti owó aṣọ ẹbí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí ó bá fi owó ìwé rẹ̀ ra aṣọ ẹbí fún ìnáwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣe ohun tí ojú ayé fẹ́. Kò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Báwo wá ni kí ẹni tí kò ní púpọ̀ ṣe máa fúnni? Ìlànà ni yóò ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe ìgbóná ọkàn. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ó ń rí ₦40,000 gbà lóṣù. Bí ó bá yọ ẹyọ kan nínú ogún sílẹ̀, ₦2,000 ni. Owó náà kò ní mú kí ebi pa á, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, ₦24,000 ni yóò di. Bí ogún akẹ́kọ̀ọ́ ní òpópónà kan náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦480,000 ni wọn yóò ní lọ́wọ́, owó tí ó lè ra fọ́ọ̀mù JAMB fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí àìsí owó fọ́ọ̀mù ti dá dúró sílé. Kò sí ohun àjèjì nínú èyí. Àjọ ni Yorùbá ń dá láti ayébáyé, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì ń bẹ̀ láti kọ́lé tàbí láti kórè. Ẹni tí ó lè kó àjọ fún fóònù tuntun lè kó àjọ fún ọmọ aládùúgbò.

Ibi tí owó ń lọ ni ó ṣòro jù. Kì í ṣe gbogbo àwòrán tí ó wà lórí WhatsApp ni ó jẹ́ òótọ́. Àwòrán aláìsàn kan náà lè ti gba owó fún ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè orúkọ ilé ìwòsàn àti nọ́ńbà káàdì aláìsàn, kí ó sì san owó náà sí ibi ìsanwó ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwé ni, kí ó san án fún ilé ìwé, kí ó gba rìsíìtì. Ìfura ni oògùn àgbà. Kì í ṣe àìní àánú. Kí ó sì fi fóònù rẹ̀ sí àpò nígbà tí ó bá ń fúnni. Àṣà ti gbòde pé a kò lè fún opó ní kóńgò ìrẹsì kan láì jẹ́ pé a ya àwòrán rẹ̀. Opó tí ó bá rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà nítorí ìrẹsì ti san owó ìrẹsì náà.

Owó nìkan kọ́ ni ẹ̀bùn. Ní ọdún 2018, Tunde Onakoya, tí ó kàwé ní Yaba College of Technology, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní Ìkòròdú ní eré ayò chess. Ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ agbálẹ̀ rí ní ilé ìwé kan kí ọmọ rẹ̀ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Onakoya kò ní owó púpọ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ eré náà àti àkókò ni ó ní. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa ti dé Màkòkò àti abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ó ta ayò náà fún wákàtí 60 ní New York láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò, tí ó lè jókòó fún wákàtí méjì lọ́sàn-án Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC ní Àgbójú tàbí ní Kirikiri, ní ohun tí ó pọ̀ ju ₦2,000 lọ láti fúnni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àánú ti wá kan ọ̀nà ayé ẹni nìyí, ibẹ̀ sì ni ewu pọ̀ sí jù. Èrò kan wà tí ó ń tan ọ̀dọ́ jẹ: “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ní owó, ọ̀nà yòówù kí ó gbà wá, n ó fi ran ènìyàn lọ́wọ́.” Sam Bankman-Fried, ọmọ Amẹ́ríkà, gbọ́ nígbà tí ó wà ní yunifásítì MIT pé ọ̀nà kan láti ran aráyé lọ́wọ́ ni kí ènìyàn wá iṣẹ́ tí ó lówó lórí, kí ó sì máa fi owó náà tọrẹ. Ìmọ̀ràn náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ó dá ilé-iṣẹ́ FTX sílẹ̀ ní ọdún 2019, ó di olówó ńlá, ó sì ń tọrẹ. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà wó lulẹ̀. Ilé ẹjọ́ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lu àwọn oníbàárà rẹ̀ ní jìbìtì. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 25.

Festac kò lè sọ pé òun kò mọ irú ìtàn yìí. Ní ọdún 2005, ìwé ìròyìn Los Angeles Times kọ ìròyìn gígùn nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń sun inú ilé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́jú ní Festac, tí wọ́n ń lu àwọn ará òkè òkun ní jìbìtì. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ó ṣì mọ “ọmọ Yahoo” tí ó ń gbẹ́ kànga fún aládùúgbò, tí ó ń fọ́n owó síta lọ́jọ́ ọdún, tí àwọn àgbààgbà sì ń gbàdúrà fún. Ṣùgbọ́n omijé ẹnì kan wà nínú kànga náà. Ẹni tí ó gba owó ìfẹ̀yìntì arúgbó kan ní òkè òkun láti fi ra ìrẹsì fún opó ní Amúwo kò ṣàánú. Ńṣe ni ó gbé ìyà láti ilé ẹnì kan lọ sí ilé ẹlòmíràn, ó sì jẹ èrè láàárín méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyan iṣẹ́. Ní ojú ọ̀nà Badagry kan náà, lẹ́yìn Ọ̀jọ́, ni yunifásítì tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà, LASUED, tí a sọ di yunifásítì ní ọdún 2022. Ọmọ tí ó bá yan iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó sì ṣe é dáadáa, ń fúnni lójoojúmọ́ láì sọ̀rọ̀. Èyí tí ó yan iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tàbí ti báńkì, tí ó sì mọ ìdá tí yóò máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀, kò kéré sí i. Èyí tí ó jápa lọ sí Kánádà, tí kò sì gbàgbé òpópónà tí ó ti wá, náà wà lára wọn. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ náà bi ara rẹ̀ kí ó tó yàn ni pé: ta ni iṣẹ́ yìí yóò ṣe láǹfààní, ta ni yóò sì pa lára?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹrù ìjọba ni a fẹ́ gbé ka orí ọmọdé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àánú akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rọ́pò ilé ìwòsàn tí ó yẹ kí ìjọba kọ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fúnni tí ó sì ń tẹ̀lé owó rẹ̀ ni ó máa ń kọ́ bí a ti ń bèèrè. Àwọn mìíràn yóò sọ pé igúnnugún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, aláìmoore pọ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí a ra fọ́ọ̀mù fún, tí kò padà wá dúpẹ́, ti ṣe ìdánwò; iṣẹ́ tí a rán owó náà, ó ti jẹ́ ẹ.

Ààlà sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àánú. Ìsìn Ìsìláàmù pàápàá kò sọ sàká di dandan fún ẹni tí ohun ìní rẹ̀ kò tó òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ń gba ₦20,000 lóṣù láti ọwọ́ NELFUND fún ìtọ́jú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé owó ẹ̀yáwó ni. Kò yẹ kí a fi gbèsè tọrẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi àkókò rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Bí kò bá sì rí àkókò nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ kí ó lè san owó ilé ìwé, kí ó kàwé rẹ̀ parí. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ní díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ ọrọ̀. Ọwọ́ tí kò kọ́ bí a ti ń fi ₦2,000 sílẹ̀ kò ní mọ bí a ti ń fi mílíọ̀nù méjì sílẹ̀. Ìnáwó a máa dàgbà pẹ̀lú owó, àwáwí náà a sì máa dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí sáà ẹ̀kọ́ yìí tó parí, kí ó yan iye kan, kí ó yan ẹnì kan tàbí iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí i, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì padà lọ wo ohun tí ó ṣe.